Bí A Ṣe Ń Yan Dígí Àtijọ́ fún Ọ̀ṣọ́ Ilé

Bí a bá dúró níwájú dígí àtijọ́ kan tí a fẹ́ rà, férémù rẹ̀, wúrà tó ń dán lára rẹ̀ àti àwòrán ara wa nínú rẹ̀ ni ojú wa kọ́kọ́ ń bá pàdé, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń tìtorí èyí nìkan sanwó. Iwájú yìí kan náà ni ẹni tó bá fẹ́ sọ ohun tuntun di ògbólógbòó, tàbí tó bá fẹ́ bo àléébù mọ́lẹ̀, máa ń fi gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ sí. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ohun méjì ló yẹ kó ṣáájú ẹwà nígbà tí a bá ń yan dígí: ibi tí yóò dúró sí nínú ilé pẹ̀lú ohun tí yóò máa fi hàn níbẹ̀, àti ohun tí gíláàsì rẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀ ń sọ nípa ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹni tó bá ti yanjú méjèèjì lè wá fi ọkàn balẹ̀ mú èyí tó wù ú jù.

Láàrin àwọn oníṣòwò, dígí tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti pé 100 ọdún tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n sábà ń kà sí ti àtijọ́. Èyí tó ti lé ní nǹkan bí 20 ọdún ṣùgbọ́n tí kò tíì pé 100 ni mo máa pè ní dígí àná níhìn-ín. Irú kẹta tún wà, èyí tí wọ́n ṣe ní àìpẹ́ yìí ní àwòṣe ti àtijọ́. Kò sí ohun tó burú nínú irú kẹta yìí bí olùtajà bá sọ ohun tó jẹ́ gan-an. Ibi tí ìpalára wà ni kí a san owó dígí àtijọ́ lórí rẹ̀.

Ara ògiri ni kí a ti bẹ̀rẹ̀

Kí a tó lọ wo dígí kankan, ó yẹ kí a dúró ní ibi tí a fẹ́ gbé e kọ́ sí, kí a kọ ẹ̀yìn sí ògiri, kí a sì wo ohun tó wà níwájú wa, nítorí ohun tí a bá rí yẹn ni dígí náà yóò máa fi hàn wá lójoojúmọ́. Bó bá jẹ́ fèrèsé tó kọjú sí igi àti ojú ọ̀run ni, ibi tó dára ni. Bó bá jẹ́ okùn iná tó lọ́ mọ́ra wọn tàbí ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni, dígí tó lẹ́wà jù lọ láyé kò lè ṣe ju pé kó sọ ohun tí kò dùn ún wò di méjì. Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó sórí àga tí ẹ sábà máa ń jókòó sí, kí ẹ sì wo ògiri náà láti ibẹ̀. Ohun tí ẹni tó dúró ń rí nínú dígí yàtọ̀ sí ohun tí ẹni tó jókòó ń rí, dígí tí a sì gbé ga jù lè má fi ohun mìíràn han àwọn tó jókòó ju àjà ilé lọ.

Ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ gba àròjinlẹ̀ díẹ̀. Dígí tó dojú kọ fèrèsé, tàbí tó wà lára ògiri tó bá ti fèrèsé ṣe igun, máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán wọ ibi tó ṣókùnkùn nínú yàrá. Ní àwọn ọdún 1700, nígbà tí àbẹ́là ṣì jẹ́ ohun olówó iyebíye ní Yúróòpù, àwọn ọlọ́rọ̀ máa ń gbé dígí gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ sí àárín fèrèsé méjì, wọ́n á sì gbé àbẹ́là sí iwájú rẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lè pọ̀ sí i. Nítorí irú ibi bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ dígí àtijọ́ fi ga tí wọn kò sì fẹ̀, ìdí kan náà ló sì mú kí àwọn kan ní ọwọ́ idẹ tí wọ́n ń fi àbẹ́là sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹni tó bá gbé irú rẹ̀ sí àárín ògiri gbàǹgbà yóò rí i pé ó dà bí ohun tó sọnù síbẹ̀; ògiri tóóró láàrin fèrèsé méjì tàbí láàrin ilẹ̀kùn àti igun ilé ló bá a mu. Ṣùgbọ́n ibikíbi tó wù kó wà, kí oòrùn gangan má ṣe máa bọ́ sí i lára, nítorí ooru máa ń mú kí igi férémù sún kì, kí àwọ̀ wúrà orí rẹ̀ sì máa ṣí. Dígí kékeré tí ojú rẹ̀ jin sínú, irú èyí tí wọ́n fi ń fá irùngbọ̀n tàbí tí wọ́n fi ń ṣe ojú lóge, léwu jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú oòrùn: ó máa ń kó ìtànṣán jọ sí ojú kan, ó sì lè dá iná sílẹ̀.

Ní ti ìwọ̀n, bí dígí yóò bá wà lókè tábìlì tàbí àpótí kan, kí fífẹ̀ rẹ̀ wà láàrin ìdá méjì nínú mẹ́ta àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin fífẹ̀ ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Tábìlì tó fẹ̀ ní 120 sẹ̀ǹtímítà yóò gba dígí tó fẹ̀ ní 80 sí 90, kí àlàfo bíi 15 sí 20 sẹ̀ǹtímítà sì wà láàrin wọn. Bí dígí náà bá dá wà lára ògiri, kí àárín rẹ̀ wà ní nǹkan bí 150 sẹ̀ǹtímítà sókè ilẹ̀. Èyí tí a bá fẹ́ fi wo gbogbo ara wa láti orí dé ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ gùn tó ìdajì gíga wa, ó kéré tán: ẹni tó ga ní 170 sẹ̀ǹtímítà nílò gíláàsì tó gùn ní 85, kí òkè rẹ̀ sì ga ju ipele ojú lọ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí a bá sún sẹ́yìn a óò túbọ̀ rí ara wa sí i nínú dígí tó kúrú. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún dígí pẹrẹsẹ tó dúró ṣánṣán. Bó ti wù kí a sún tó, ibi kan náà nínú ara wa ni yóò máa fi hàn.

Ohun kan tí mo máa ń gba gbogbo ènìyàn nímọ̀ràn láti ṣe ni pé kí wọ́n gé páálí ní ìwọ̀n dígí tí wọ́n ní lọ́kàn, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Dígí àtijọ́ kì í sábà ṣeé dá padà, páálí sì ṣeé gé kúrú. Ẹ wọn ẹnu ọ̀nà àti àtẹ̀gùn ilé pẹ̀lú, kí dígí ńlá má bàa dé ẹnu ọ̀nà kó má lè wọlé.

Ohun tí gíláàsì ń sọ

Gíláàsì ni ibi tó yẹ kí a lo àkókò lé lórí jù lọ, nítorí dígí tí gíláàsì tirẹ̀ gan-an ṣì wà nínú rẹ̀ níyì ju èyí tí wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ lọ, ẹwà tí ó sì ní kò ṣeé fi ohun tuntun ṣe. Láti nǹkan bí àwọn ọdún 1500 títí di nǹkan bí 1900, tánganran (irin funfun tó rọ̀) àti mẹ́kúrì (irin tó máa ń ṣàn bí omi) ni wọ́n fi ń bo ẹ̀yìn gíláàsì ní Yúróòpù kó tó lè di dígí. Àwọn oníṣẹ́ á tẹ́ tánganran fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí tábìlì, wọ́n á da mẹ́kúrì lé e, wọ́n á rọra ti gíláàsì gba orí rẹ̀ kọjá, wọ́n á gbé ẹrù wúwo lé e, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ kí mẹ́kúrì tó ṣẹ́ kù lè ṣàn kúrò. Iṣẹ́ yìí ba ìlera ọ̀pọ̀ lára àwọn tó ń ṣe é jẹ́, nítorí oró ni èéfín mẹ́kúrì. Ní 1835, Justus von Liebig, onímọ̀ kẹ́míkà ará Jámánì, ṣàwárí bí a ṣe lè mú kí fàdákà kúrò nínú omi kẹ́míkà kó sì lẹ̀ mọ́ ara gíláàsì, nígbà tó sì di ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún yẹn, ọ̀nà tuntun yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ipò ti àtijọ́ tán.

Ojú lásán lè mọ ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì. Dígí tánganran àti mẹ́kúrì ní àwọ̀ eérú tó fẹ́ jọ ti ojú ọ̀run, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò le, ó sì máa ń tutù lójú. Bó ti ń dàgbà, àwọn ohun kéékèèké máa ń ta yanranyanran nínú rẹ̀, àwọn àbàwọ́n eérú sì máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, nítorí mẹ́kúrì máa ń ṣàn lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Dígí fàdákà mọ́lẹ̀ jù ú lọ, àwọ̀ rẹ̀ sì gbóná díẹ̀. Bó bá bàjẹ́, àmì dúdú tàbí ti àwọ̀ ilẹ̀ ló máa ń hù, pàápàá ní etí, níbi tí ọ̀rinrin ti ń ráyè wọlé. Bí a bá lè rí ẹ̀yìn gíláàsì náà, ẹ̀rí rẹ̀ tún lágbára sí i: ẹ̀yìn ti mẹ́kúrì máa ń wà ní ìhòòhò, ní àwọ̀ irin tí kò dán, nígbà tó jẹ́ pé wọ́n sábà máa ń fi ọ̀dà bo ẹ̀yìn ti fàdákà. Nítorí náà, bí olùtajà bá ní ọdún 1780 ni wọ́n ṣe dígí kan, tí ẹ̀yìn gíláàsì rẹ̀ sì jẹ́ fàdákà tí wọ́n kun lọ́dà, ó kéré tán wọ́n ti pààrọ̀ gíláàsì náà tàbí wọ́n ti tún ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe.

Ẹ wá rọra mi orí sọ́tùn-ún sósì níwájú dígí náà, kí ẹ máa wo àwòrán ohun kan tó gún régé, bí àpẹẹrẹ etí ilẹ̀kùn. Nínú ọ̀pọ̀ gíláàsì àtijọ́, ìlà náà máa ń gbọ̀n, á máa tẹ̀ á sì máa nà, nítorí ọwọ́ ni wọ́n fi lọ̀ ọ́ tí wọ́n sì fi dán an. Iléeṣẹ́ Pilkington ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde ní 1959 pé àwọn ti mọ bí a ṣe ń ṣe gíláàsì lórí tánganran tó ti yọ́, láti ìgbà náà sì ni gíláàsì tó tẹ́jú pátápátá ti di ohun gbogbo ilé. Ìlà gbígbọ̀n nìkan kò tó fi dájọ́ o, nítorí àwọn àgbà oníṣẹ́ ayé àtijọ́ mọ̀ bí a ṣe ń dán gíláàsì títí yóò fi tẹ́. Ẹ tún fi ṣóńṣó bírò kan ojú dígí náà, kí ẹ wo àlàfo tó wà láàrin ṣóńṣó náà àti àwòrán rẹ̀: bí àlàfo náà bá ti fẹ̀ tó ni gíláàsì náà ṣe nípọn tó, ọ̀pọ̀ gíláàsì àtijọ́ sì tín-ín-rín ju ti òde òní lọ.

Bí etí gíláàsì náà bá dàgẹ̀rẹ́, ẹ fi ìka gbà á kọjá. Etí tí wọ́n fi ọwọ́ lọ̀ nígbà àtijọ́ máa ń rọlẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, débi pé ìka kì í tètè mọ ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀, ìlà rẹ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ tọ́. Ti ẹ̀rọ máa ń ní igun tó mú, ó sì máa ń bára mu yíká. Ẹ wo bí gíláàsì náà ti tóbi tó pẹ̀lú. Kó tó di ìparí àwọn ọdún 1600, tí àwọn ará Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í da gíláàsì yíyọ́ sórí tábìlì irin, ó ṣòro gan-an láti ṣe ẹyọ gíláàsì ńlá kan, wọ́n sì máa ń to kéékèèké pọ̀ ni. Gbọ̀ngàn Dígí tó wà ní ààfin Versailles, tí wọ́n parí ní 1684, ní ojú ògiri 17 tí òkè wọn tẹ̀ bí ọrun, tí ẹyọ dígí 357 wà nínú wọn. Ojú oríkèé láàrin gíláàsì méjì nínú dígí ńlá kan kì í ṣe àléébù rárá. Ohun tó yẹ kó kọ wá lóminú ni ẹyọ gíláàsì gàgàrà kan nínú férémù tí wọ́n ní ọdún 1650 ni wọ́n ti ṣe é.

Àwọn kan máa ń fi kẹ́míkà ṣe àbàwọ́n sí dígí tuntun kó lè dà bí ògbólógbòó. Àbàwọ́n irọ́ yìí sábà máa ń pín káàkiri ojú dígí lọ́gbọọgba, nígbà tó jẹ́ pé èyí tí ọjọ́ orí fà ní ìdí tó fi wà níbi tó wà: ìsàlẹ̀, etí, àti ojú àlàfo tí afẹ́fẹ́ ń gbà láàrin pákó ẹ̀yìn. Bí a bá yí dígí náà padà, ó yẹ kí a lè fi ìka tọ́ka sí ohun tó fa àbàwọ́n tí a rí níwájú.

Ẹ yí i padà

Kí ẹ bẹ olùtajà pé kó jẹ́ kí ẹ wo ẹ̀yìn dígí náà, bó bá sì kọ̀ láìsí ìdí tó yè kooro, ẹ fi dígí náà sílẹ̀ fún un. Pákó tí wọ́n fi bo ẹ̀yìn dígí àtijọ́ sábà máa ń jẹ́ igi tó rọ̀, tó ti gbẹ tó sì ti dúdú. Ibi tí afẹ́fẹ́ àti eruku ti ń kàn án máa ń dúdú ju ibi tí nǹkan bò lọ. Bí gbogbo rẹ̀ bá dúdú lọ́gbọọgba títí wọ inú kọ̀rọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n kùn ún ni. Ojú ayùn ọlọ́wọ́ máa ń hàn gẹ́gẹ́ bí ìlà tó tọ́ ṣùgbọ́n tí kò dọ́gba, ojú ayùn ẹ̀rọ tó ń yí po máa ń fi ìlà tó tẹ̀ kọ́lọ́kọ́lọ́ sílẹ̀, ayùn yìí sì di ohun tó gbilẹ̀ ní àwọn ọdún 1800. Ìṣó tí alágbẹ̀dẹ fi ọwọ́ rọ ní orí tí kò dọ́gba. Ìṣó róbótó tí a mọ̀ lónìí kò wọ́pọ̀ títí di ìparí àwọn ọdún 1800, súkúrù tí orí rẹ̀ ní àmì àgbélébùú kò sì tíì gbilẹ̀ kó tó di àwọn ọdún 1930. Pákó alápapọ̀ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ pọ̀ náà kò bá ọdún 1800 mu. Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti pààrọ̀ pákó ẹ̀yìn dígí tó jẹ́ ojúlówó nítorí pé kòkòrò jẹ ti àkọ́kọ́, nítorí náà kí a pa ẹ̀rí pọ̀ kí a tó dá ẹjọ́.

Igi máa ń sún kì bó ti ń gbẹ, gba ìbú rẹ̀ ju gba gígùn rẹ̀ lọ. Nítorí èyí, férémù róbótó tí wọ́n fi ojúlówó igi ṣe nígbà àtijọ́ kì í sábà róbótó délẹ̀ mọ́. Ẹ wọ̀n ọ́n lóròó àti níbùú. Bí ìyàtọ̀ mìlímítà mélòó kan bá wà, àmì rere ni. Bí ẹ bá rí ihò ìṣó tí kò ní iṣẹ́ kankan, tàbí ojú ibi tí àgbékọ́ ilẹ̀kùn ti wà rí, ó ṣeé ṣe kí férémù náà ti jẹ́ ti àwòrán tàbí ti ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù kí wọ́n tó fi dígí sí i. Irú rẹ̀ ṣì lè fanimọ́ra nínú ilé, kìkì pé kí iye rẹ̀ rẹlẹ̀.

Férémù àti wúrà rẹ̀

Nínú férémù àtijọ́ tó dára, igi ló wà nísàlẹ̀, ẹfun tí wọ́n fi àtè pò ló tẹ̀ lé e ní ìpele mélòó kan, lẹ́yìn náà ni amọ̀ pupa tàbí ti àwọ̀ ìyeyè, kí wúrà tí wọ́n lù di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wá sórí rẹ̀. Ẹyọ wúrà kọ̀ọ̀kan kéré, nítorí náà ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń hàn níbi tí ọ̀kan ti gun èkejì. Ní ibi tó yọ síta, tí aṣọ ìnulẹ̀ ti ń fọwọ́ kàn fún ọ̀pọ̀ ọdún, amọ̀ pupa máa ń yọjú lábẹ́ wúrà náà. Mo fẹ́ràn èyí ju férémù tó ń kọ mànà lọ, n kò sì rí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi ní láti bò ó. Ọ̀dà aláwọ̀ wúrà kò ní irú ìlà bẹ́ẹ̀, ó máa ń kó jọ sínú kọ̀rọ̀ ọnà, ó sì máa ń dúdú tàbí kó fẹ́ di àwọ̀ ewé bó bá pẹ́.

Ọnà ara férémù lè jẹ́ igi tí wọ́n gbẹ́, ó sì lè jẹ́ àpòpọ̀ ẹfun, àtè, oje igi àti òróró irúgbìn ọ̀gbọ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde nínú mọ́ọ̀dù, èyí tó gbilẹ̀ láti ìparí àwọn ọdún 1700. Ọnà tí wọ́n gbẹ́ kì í bára mu délẹ̀ ní apá ọ̀tún àti òsì. Èyí tó ti inú mọ́ọ̀dù jáde máa ń bára mu, ó sì máa ń sán ní ìbú bó bá gbẹ. Ojúlówó ni àwọn méjèèjì. Èyí tó yẹ kí a ṣọ́ra fún ni férémù ike tó fúyẹ́, tí kì í tutù bí a bá fọwọ́ kàn án, tí kò sì ní oríkèé kankan ní igun rẹ̀.

Ní ti àwòṣe, mi ò rò pé ó pọn dandan kí a mọ gbogbo wọn kí a tó lè rà. Ọnà ìkarahun àti ewé tí apá kan rẹ̀ kò bá èkejì mu jẹ́ ti àárín àwọn ọdún 1700. Ìlà títọ́ àti àwo ọlọ́rùn gígùn tẹ̀ lé e láti bí ọdún 1760. Dígí róbótó tó yọ ikùn síta, tí idì bà lé lórí, jẹ́ ti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1800 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà. Kò dára fún ìmúra, ṣùgbọ́n ó máa ń kó odindi yàrá sínú ara rẹ̀, ó sì máa ń ṣe pálọ̀ kékeré lóore. Èyí tí wọ́n ń pè ní Louis-Philippe, orúkọ ọba tó jẹ ní ilẹ̀ Faransé láti 1830 sí 1848, ní igun òkè méjèèjì tó ká, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì tọ́. Nínú gbogbo wọn, òun ló rọrùn jù láti gbé wọ ilé òde òní, nítorí ọnà rẹ̀ kò pọ̀. Dígí ti àwọn ọdún 1920 àti 1930 sábà máa ń wà láìní férémù, etí rẹ̀ á gé bí àtẹ̀gùn, nígbà mìíràn gíláàsì rẹ̀ á ní àwọ̀ búlúù tàbí ti òdòdó. Ti àwọn ọdún 1950 àti 1960 sì kún fún èyí tí ìtànṣán igi tàbí irin yọ yí ká bíi ti oòrùn. Fún ẹni tó ń rà fún ìgbà àkọ́kọ́, dígí àná ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ: kì í sábà ní mẹ́kúrì, owó rẹ̀ kì í pọ̀ tó ti àtijọ́, ó sì ṣeé lò láìfòyà. Ẹyọ kan tó gbámúṣé tó yàrá kan.

Àléébù tí a lè gbà àti èyí tí a kò gbọ́dọ̀ gbà

Àbàwọ́n ní etí, wúrà tó ti fá díẹ̀ àti oríkèé tó mì, tí káfíńtà lè tún ṣe, kò tó ohun tí a ó torí rẹ̀ kọ dígí tó dára. Bí àbàwọ́n bá wà ní ojú ibi tí a óò ti máa wo ojú wa, ó dára fún ọ̀ọ̀dẹ̀ ju yàrá ìmúra lọ. Gíláàsì tó sán, ẹfun tó ń ṣí kúrò lára igi ní ọ̀pọ̀ ibi, àti ihò kéékèèké tí ìyẹ̀fun igi tuntun ń dà jáde nínú wọn ni kí a sá fún. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn fi hàn pé kòkòrò ṣì ń jẹ igi náà lọ́wọ́.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fẹ́ kí wọ́n ha ẹ̀yìn gíláàsì àtijọ́ kí wọ́n sì fi fàdákà tuntun bò ó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Ohun tí wọ́n bá ha dànù kò ní padà mọ́, iye dígí náà yóò wálẹ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ yóò sì le bíi ti èyí tí a lè rà níbikíbi. Bí a kò bá lè fara da àbàwọ́n náà rárá, kí a fi gíláàsì tuntun sínú férémù, kí a sì fi ti àkọ́kọ́ pamọ́ ní ìdúró. Bẹ́ẹ̀ náà ni kíkun ọ̀dà aláwọ̀ wúrà sórí wúrà gidi ṣe jẹ́ ìbàjẹ́.

Dígí oní mẹ́kúrì ṣeé gbé kọ́ sínú ilé tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ó ní òfin tirẹ̀. Kí ó máa wà ní ìdúró nígbà gbogbo, kí a má fi ọwọ́ lásán kan ẹ̀yìn rẹ̀, kí a sì bọ́ òrùka wúrà kí a tó gbé e, nítorí mẹ́kúrì máa ń ba wúrà jẹ́. Bí ẹ bá rí ìkán omi aláwọ̀ fàdákà ní ìsàlẹ̀ férémù, tàbí bí gíláàsì náà bá fọ́, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ kó àwọn ọmọdé jáde, ẹ má sì lo ìgbálẹ̀ tàbí ẹ̀rọ tí ń fa eruku. Ẹ pe àwọn tó mọ bí a ṣe ń kó mẹ́kúrì. Férémù tí wọ́n fi eyín erin tàbí ìkarahun ìjàpá òkun ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ náà nílò ìwé àṣẹ kó tó lè kọjá ẹnubodè, nítorí CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko tó wà nínú ewu, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1975.

Gbígbé kọ́ àti ìtọ́jú

Ìwọ̀n gíláàsì jẹ́ kìlógíráàmù 2.5 fún mítà onígun mẹ́rin kan ní mìlímítà kọ̀ọ̀kan tó bá nípọn. Gíláàsì tó gùn ní 150 sẹ̀ǹtímítà, tó fẹ̀ ní 100, tó sì nípọn ní mìlímítà 4 yóò wúwo tó kìlógíráàmù 15 kí a tó ka férémù mọ́ ọn. Ìdúró ni kí a máa gbé e, kí ènìyàn méjì dì í mú lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹnikẹ́ni má sì di ọnà orí rẹ̀ mú. Ibi méjì ni kí a fi kọ́ ọ lára ògiri, pẹ̀lú ìkọ́ tuntun tó lè gbé ju ìwọ̀n rẹ̀ lọ. Okùn tàbí wáyà àtijọ́ tó bá a wá kò ṣeé gbára lé, bó ti wù kó lágbára lójú. Kí a fi ohun rírọ̀ kéékèèké sí igun ìsàlẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kí afẹ́fẹ́ lè máa gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Balùwẹ̀ kì í ṣe ibi fún un.

Aṣọ gbígbẹ tó rọ̀ tó fún ojú rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Bó bá di dandan kí a lo omi, kí a rin aṣọ náà díẹ̀, kí a má fín omi sójú dígí, nítorí omi máa ń ṣàn sí etí gíláàsì, á wọ ẹ̀yìn rẹ̀ lọ, á sì sọ ọ́ di dúdú. Fínígà àti ohun ìfọ̀ tó ní amóníà tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi kò gbọ́dọ̀ kan wúrà férémù rárá, nítorí àtè tó so ó mọ́ igi máa ń yọ́ nínú omi. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tó gbẹ ni kí a fi gbọn eruku orí rẹ̀, láti òkè wá sísàlẹ̀.